Káàdì Tí Kò Ní Bátìrì: Bí A Ṣe Ń Mọ̀ Pé Ó Dára

Ẹni tó bá ń wọ ọkọ̀ ojú irin Blue Line l'Ékòó mọ káàdì Cowry, tí wọ́n fi ń san owó ọkọ̀, dáadáa. Wàá gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀nà á sì ṣí. Bí ẹ̀rọ bá kọ̀ tí kò dáhùn, káàdì ni èrò máa ń dá lẹ́bi. Ṣùgbọ́n agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni: ó yẹ ká wọn káàdì, ká sì wọn ẹ̀rọ náà.

Irú káàdì báyìí kò ní bátìrì. Chip bíńtín ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ká yípo. Ẹ̀rọ náà ní wáyà tirẹ̀, iná inú rẹ̀ sì ń lọ síwá-sẹ́yìn nígbà mílíọ̀nù 13.56 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Agbára òòfà tó ń tibẹ̀ jáde ló ń gbé iná wọnú wáyà káàdì tí chip fi ń jí. Bí chip bá fẹ́ fèsì, á mú kí iná tó ń fà pọ̀ sí i, á tún dín in kù, bí ẹni tó ń já okùn tí ẹlòmíràn di ìdí rẹ̀ mú. Ẹ̀rọ á mọ̀ ọ́n lára.

Ìbéèrè méjì ni àyẹ̀wò wá ń dáhùn. Èkíní: ṣé agbára tí ẹ̀rọ ń fi ránṣẹ́ tó? Ìlànà àgbáyé ISO/IEC 14443 ní kí ó wà láàárín 1.5 A/m sí 7.5 A/m (A/m ni a fi ń wọn agbára òòfà) níbi tí káàdì ti ń ṣiṣẹ́. Bí kò bá tó, chip kò ní jí. Bó bá pọ̀ jù, káàdì lè gbóná, kó sì bàjẹ́. Láti wọ̀n ọ́n, a máa ń lo wáyà àyẹ̀wò olóbìírí kan, tó wà lórí pátákó tó tó káàdì, a ó sì so ó mọ́ oscilloscope, ẹ̀rọ tó ń fi bí fólìtì ṣe ń lọ sókè-sódò hàn. Níbi tí agbára òòfà bá ti jẹ́ 1 A/m, fólìtì 0.32 ni wáyà yìí gbọ́dọ̀ fi hàn. Bí a bá rí 0.48, a mọ̀ pé ẹ̀rọ wà ní 1.5 A/m gẹ́lẹ́, ibi tó kéré jù lọ tí ìlànà náà fàyè gbà.

Ìkejì: ṣé èsì káàdì ń dún tó? Èyí ló le, torí ariwo ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ bo èsì náà mọ́lẹ̀. Ọgbọ́n tó wà nínú ìlànà ISO/IEC 10373-6 ni pé a gbé wáyà méjì tó dọ́gba sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì wáyà ẹ̀rọ, ìkọ̀ọ̀kan ní mìlímítà 37.5 sí i, a sì so wọ́n pọ̀ lódì sí ara wọn. Ariwo ẹ̀rọ dé ọ̀dọ̀ méjèèjì bákan náà, nítorí náà wọ́n pa á run. Káàdì sún mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ju ìkejì lọ, nítorí náà ohùn tirẹ̀ ló ṣẹ́kù fún wa láti wọ̀n.

A kì í ṣe àyẹ̀wò níbi kan ṣoṣo, torí ibi tí káàdì wà àti ohun tó wà nítòsí rẹ̀ lè yí èsì padà. Bí káàdì bá ti jìnnà ju ìbú wáyà ẹ̀rọ lọ, tí a tún sún un sẹ́yìn ní ìlọ́po méjì, agbára náà á já sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Irin tó wà nítòsí máa ń fa agbára òòfà sẹ́yìn. Bí káàdì méjì bá sì wà nínú wálẹ́ẹ̀tì kan náà, wáyà wọn á máa da ara wọn láàmú, ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń ṣe káàdì fi máa ń tún wáyà ṣe kó gba ìwọ̀n tó ga díẹ̀ ju mílíọ̀nù 13.56 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan lọ.

Ẹ̀yin tó ń wọkọ̀, ẹ máa yọ káàdì kan ṣoṣo jáde kí ẹ tó gbé e súnmọ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀yin tó ń ra ẹ̀rọ fún iléeṣẹ́ tàbí ibùdókọ̀, ẹ má gba ọ̀rọ̀ ẹnu olùtajà gbọ́. Ẹ ní kó fi ìwé àyẹ̀wò hàn yín, kí agbára òòfà ibi tó jìnnà jù lọ tí ẹ̀rọ ti lè ka káàdì sì wà níbẹ̀.