Ta Ni Orúkọ Rẹ̀ Wà Nínú Fọ́ọ̀mù Yín?

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa,

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún gbọ́, nítorí bí a bá ti dárúkọ ogún, àwọn mìíràn á ní ikú ni à ń pè. Ṣùgbọ́n ojú wa ti rí i.

Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan kú. Nígbà tí a ṣí fáìlì rẹ̀, orúkọ ìyá rẹ̀ ni ó kọ sí ibi tí a ti béèrè ẹni tí yóò gba owó rẹ̀. Àpọ́n ni nígbà tí ó wọ ẹgbẹ́. Ìyá ti kú ṣáájú rẹ̀, òun náà sì fi ìyàwó méjì àti ọmọ márùn-ún sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ wá, ìyàálé wá, ọmọ kan ṣoṣo tí ìyàwó kejì bí náà wá. Kálukú ní òun ni owó tọ́ sí. Kí ìgbìmọ̀ tó rí ọ̀rọ̀ náà yanjú, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ti jókòó sílé fún odidi tàámù kan nítorí owó ilé-ìwé.

Ti owó ọ̀dọ̀ wa nìyẹn o. Ti ilé tí ó kọ́ tún le jù ú lọ, nítorí kò ṣe wíìlì, ìyẹn ìwé ìhágún. Ọmọ kan ṣoṣo yẹn ní kí wọ́n pín in ní ìdí-igi: ìdí ìyàwó kọ̀ọ̀kan á gba ìdajì, òun nìkan á sì gba ìdajì tirẹ̀. Àwọn mẹ́rin tí ìyàálé bí ní rárá, orí-ò-jorí ni, ọ̀nà márùn-ún. Ìjà yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1962, ẹjọ́ ìdílé Dawodu ti Èkó, ìyàwó mẹ́rin, ọmọ mẹ́sàn-án, dé ọ̀dọ̀ Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ní ìdí-igi ni àṣà Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ìjà bá bẹ́ sílẹ̀, olórí ẹbí lè pàṣẹ orí-ò-jorí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé àwọn ìyàwó fúnra wọn kò sí nínú ìpín méjèèjì. Ìyàwó tí a fẹ́ ní ìlànà ìbílẹ̀ kì í jogún ọkọ rẹ̀ lábẹ́ àṣà wa. Ọmọ rẹ̀ ló ń tipasẹ̀ rẹ̀ jẹ. Obìnrin tó ti fi èrè ọjà rẹ̀ ra bíríkì sí ilé náà ńkọ́? Ohun tí wíìlì lè tún ṣe nìyẹn. Ẹ̀yin ìyá náà, bí ẹ bá ní ilẹ̀ tàbí ṣọ́ọ̀bù, ẹ ṣe tiyín.

Ọlọ́run ò jẹ́ kó ṣòro jù. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, kí ẹ fọwọ́ sí i lójú ẹlẹ́rìí méjì tí wọ́n jọ wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí àwọn náà fọwọ́ sí i. Ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tí ẹ há nǹkan fún, tàbí ọkọ tàbí aya rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ onítọ̀hún yóò pàdánù ohun tí ẹ há fún un. Ilé-ẹjọ́ Gíga ń gba ìwé náà pamọ́. Bí ẹ bá tún ṣe ìgbéyàwó kọ́ọ̀tù lẹ́yìn rẹ̀, ẹ kọ òmíràn, nítorí ti àkọ́kọ́ ti parẹ́. Ilé ẹbí kò ṣeé há. Kì í ṣe tiyín nìkan. Mùsùlùmí ní láti bi àlùfáà, torí pé ìdá kan nínú mẹ́ta péré ló lè há fún ẹni tí kì í ṣe ajogún. A mọ̀ pé lọ́yà ń gbowó, ṣùgbọ́n owó ẹjọ́ ju owó wíìlì lọ fíìfíì.

Ní ti fọ́ọ̀mù ẹgbẹ́, ọ̀fẹ́ ni. Ó wà lọ́dọ̀ akọ̀wé. Ẹ wá wo orúkọ tí ẹ kọ, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí onítọ̀hún bá ti kú tàbí tí ilé yín ti yàtọ̀. Ẹni tí kò mọ̀wé, akọ̀wé yóò kà á sí i létí kí ó tó tẹ̀ka.