Haruna Ìṣọ̀lá: Olórin tó kọ̀ láti ṣe alágbàṣe lórí ohùn ara rẹ̀

Àwọn àgbà tó gbé Akánran, Ẹgbẹ́dá àti àwọn abúlé tó yí wọn ká kò lè gbàgbé ọdún 1969. Ọdún Àgbẹ́kọ̀yà ni. Táfà Adéoyè àti àwọn àgbẹ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ yarí pé àwọn kò ní san ju òkẹ́ mẹ́fà, ìyẹn ọgbọ̀n ṣílè, lọ fún owó orí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ju owó orí lọ. Ohun tó ń dùn wọ́n ni pé àwọn ló ń gbin kòkó, Bọ́ọ̀dù ìjọba ló ń dá iye lé e, ẹlòmíràn ló sì ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú èrè rẹ̀. Ẹ̀mí ṣòfò kí ìjọba tó gbà, ní oṣù kẹwàá ọdún náà, pé kí owó orí wálẹ̀ sí pọ́n-ùn méjì.

Ní ọdún kan náà, irú ẹjọ́ yìí wáyé láàrin àwọn olórin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ìbọn, kò sí àdá níbẹ̀. Alàájì Haruna Ìṣọ̀lá, ọ̀gá àpàlà láti Ìjẹ̀bú-Igbó, àti I. K. Dáíró, ọ̀gá jùjú, para pọ̀ dá ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù tiwọn sílẹ̀. Star Records ni wọ́n pè é. Àwọn tó ń kọ ìtàn orin kà á sí ọ̀kan lára àwọn ilé iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́ ní Áfíríkà tó jẹ́ pé olórin fúnra rẹ̀ ló ni ín.

Ọ̀nà tí Haruna rìn kó tó débẹ̀ jìn. Ọdún 1919 ni wọ́n bí i. Ní ọdún 1948, ó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù lábẹ́ His Master's Voice, ilé iṣẹ́ tó fi àwòrán ajá tó ń tẹ́tí sí giramafóònù ṣe àmì. Ó fi rẹ́kọ́ọ̀dù náà ki Ọba Adébóyè, Orímolúsì Ìjẹ̀bú-Igbó. Kò fi bẹ́ẹ̀ tà. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọba náà bá ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú lọ ní Kálábá ní ọdún 1955, Haruna tún orin náà kọ. Ìgbà yẹn ni orúkọ rẹ̀ kàn dé ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì dé.

Àsìkò náà bọ́ sí ìgbà tí kòkó lówó lórí. Àgbẹ̀ tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ́ owó kòkó a kọ́lé páànù, a ṣe òkú bàbá rẹ̀ ní àṣeyẹ, a sì ra giramafóònù. Ẹ̀rọ náà kò bèèrè iná mànàmáná. Ẹ ó ṣáà yí ọwọ́ rẹ̀ ni, gbogbo agboolé á sì jókòó yí i ká. Rẹ́kọ́ọ̀dù ìgbà náà a máa fọ́ bí àwo tó bá bọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, ojú kan rẹ̀ kì í sì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ. Kí ni ìṣẹ́jú mẹ́ta fẹ́ ṣe fún alápàlà tó jẹ́ pé oríkì ẹnì kan ṣoṣo kò lè tán lẹ́nu rẹ̀ láàrin àsìkò yẹn?

Àìtó àsìkò nìkan kọ́ ni ìṣòro. Bí nǹkan ṣe rí fún ọ̀pọ̀ olórin nígbà náà ni pé ilé iṣẹ́ á san owó fún wọn, ó parí. Ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ di ti ilé iṣẹ́. Iye tí wọ́n máa tẹ̀, ìgbà tí wọ́n máa tún un tẹ̀ àti iye tí wọ́n máa tà á, olórin kò ní ẹnu níbẹ̀. Ó dà bíi kòkó tó ti gun òṣùwọ̀n: ọwọ́ àgbẹ̀ ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Èyí ni Star Records wá yí padà. Rẹ́kọ́ọ̀dù ńlá ti dé nígbà náà, ojú kan rẹ̀ sì lè gbà tó ogún ìṣẹ́jú. Ní ọdún 1971 ni Haruna gbé Òròkí Social Club jáde, èyí tó fi ki ẹgbẹ́ àríyá kan ní Òṣogbo. Kò sí iṣẹ́ rẹ̀ tó tà tó o. Síbẹ̀, kò mú gìtá wọ inú orin rẹ̀. Gángan, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àkúbà àti agogo ló kó dé Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Jámánì àti Ítálì, àwọn òyìnbó sì jókòó gbọ́ ọ.

Ní ọdún 1979, ó ṣe èyí tó ga jù. Ó kọ́ ilé ìgbohùn-sílẹ̀ Phonodisk sí Ìjẹ̀bú-Igbó, kì í ṣe sí Èkó. Ẹ̀rọ ibẹ̀ ní ojú ìgbohùn mẹ́rìnlélógún. Ìyẹn ni pé ìlù kọ̀ọ̀kan àti ohùn kọ̀ọ̀kan lè ní àyè tirẹ̀, kí wọ́n tó wá po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Àpàlà nìkan kọ́ ló jàǹfààní rẹ̀: orúkọ Phonodisk ló wà lára rẹ́kọ́ọ̀dù tí Kris Okotie, tó ṣì ń kọrin fàájì nígbà náà, gbé jáde ní ọdún 1980.

Ìjọba Àpapọ̀ fi oyè MON dá Haruna lọ́lá ní ọdún 1981. Ó jáde láyé ní ọdún 1983, lẹ́yìn ọdún márùndínlógójì tó ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù àkọ́kọ́. Náírà tó bẹ̀rẹ̀ sí í já wálẹ̀ láti 1986 àti kásẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè dà kọ kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù gbérí mọ́. Ṣùgbọ́n iná ilé náà kò kú. Ní ọdún 2000, Músílíù ọmọ rẹ̀ gbé Ṣóyòyò jáde, àwọn ọ̀dọ́ tí kò mọ Haruna rí sì ń jó àpàlà.

Lónìí, ní Mọ́níyà tàbí Ìyànà Ọ̀fà, fóònù ni giramafóònù. Ẹni tó ń sun ìjálá lóko lè bá ohùn ara rẹ̀ pàdé lọ́jà, nínú mẹ́mọ́rì tí wọ́n ń tà, láìrí kọ́bọ̀. Òfin tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní ọdún 2023 kò gba èyí láàyè. Orin tí ènìyàn bá kọ jẹ́ tirẹ̀ àti ti àwọn àrólé rẹ̀, títí di àádọ́rin ọdún lẹ́yìn ọdún tó kú, àyàfi tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e fún ẹlòmíràn. Ìyẹn ni pé àwọn orin Haruna ṣì wà lábẹ́ ààbò di ìparí ọdún 2053.

Nítorí náà, olórin abúlé tí wọ́n bá gbé ìwé wá bá pé kó tẹ̀ka sí kò gbọdọ̀ kánjú. Kó jẹ́ kí ọmọ tó mọ̀wé kà á sókè létí òun, kó sì bèèrè ohun kan ṣoṣo: lẹ́yìn tí wọ́n bá ti san owó yìí, ta ló ni ohùn náà? Ìbéèrè tí àwọn àgbẹ̀ Akánran bèèrè lórí kòkó wọn nìyẹn. Òun náà ni Haruna fi ilé iṣẹ́ méjì dáhùn.