Ìkòkò Tó Sán Kì Í Ṣe Ìkòkò Ọtí Mọ́

Ẹni tó bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ nílé, ì báà jẹ́ ní Ìgbájọ, ní Irèé tàbí ní Ìlá-Ọ̀ràngún, mọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń gba ọjọ́ tó. A ó rẹ àgbàdo sómi, a ó tẹ́ ẹ kó hù, a ó sá a sóòrùn, a ó lọ̀ ọ́, a ó sè é, a ó sẹ́ ẹ, ká tó wá dà á sínú ìkòkò kó máa hó. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ kan gbáko kí ẹnu tó kàn án. Nítorí náà, bí ìkòkò bá sán nígbà tí iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ohun tó máa ń kọ́kọ́ sọ sí ọlọ́tí lọ́kàn ni bí ọtí kò ṣe ní ṣòfò. Á fa kẹ́ẹ̀gì tàbí garawa tó bá sún mọ́ ọn, á sì gbọ́n ọtí rẹ̀ sí i. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti ń wọlé. Ohun èlò wà lára èròjà ọtí, bí àgbàdo àti omi ṣe wà lára rẹ̀. Bí ohun èlò bá bàjẹ́ tàbí tó yí padà láàárín iṣẹ́, ọtí tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́, kò sì yẹ ká bù ú fún àlejò bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń lọ nínú ìkòkò. Bí àgbàdo bá hù, inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í di adùn. Adùn yìí ni ìwúkàrà, ohun abẹ̀mí tí ojú lásán kò lè rí, ń jẹ, tó sì ń sọ di ọtí. Ṣùgbọ́n ìwúkàrà nìkan kọ́ ló fẹ́ràn adùn. Bakitéríà oríṣiríṣi ń wá a pẹ̀lú. Àwọn kan á mú un kan díẹ̀ bí omi ògì, èyí tí a fẹ́. Àwọn mìíràn, tí eṣinṣin kéékèèké ń fi ẹsẹ̀ gbé wọlé, á sọ gbogbo rẹ̀ di ọtí kíkan tí afẹ́fẹ́ bá ti ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn. Louis Pasteur ará Faransé tẹ ìwé rẹ̀ lórí bíà jáde ní 1876, ó sì fi hàn níbẹ̀ pé àwọn ohun abẹ̀mí àìrí tí a kò pè ló ń ba ọtí jẹ́. Ní 1883, Emil Christian Hansen ya irú ìwúkàrà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ ní ilé-iṣẹ́ Carlsberg ní Copenhagen, ọ̀nà yẹn sì ni àwọn ilé-iṣẹ́ bíà ń tọ̀ títí dòní. Oníṣẹ̀kẹ̀tẹ́ kò ní irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ní láti fi yan ẹni tí yóò wọ inú ọtí rẹ̀ kò ju ìmọ́tótó àti ara líle ìkòkò rẹ̀ lọ.

Ìkòkò tó sán kì í sì í fi ara rẹ̀ hàn bọ̀rọ̀. Gbé ìkòkò gbígbẹ lé ọwọ́ òsì, kí o fi oríkèé ìka ọwọ́ ọ̀tún kàn án lára. Èyí tí ara rẹ̀ le á dún gooro bí agogo, ohùn rẹ̀ á sì fà díẹ̀ kó tó kú. Èyí tó ti sán á dún kẹ̀, ohùn náà á kú lójú ẹsẹ̀, bí ojú kò tilẹ̀ tíì rí ìlà kankan. Inú ìlà tí kò nípọn ju irun orí lọ yìí ni ìdọ̀tí ọtí àná ń sá pamọ́ sí, kànrìnkàn kò sì lè bá a débẹ̀. Fífi sìmẹ́ǹtì lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn kò tún un ṣe, ó kàn ń dá omi dúró ni. Ohun kan náà ló ń ṣe kẹ́ẹ̀gì oníke tí a ti fi òkúta wẹ́wẹ́ mì fọ̀ títí inú rẹ̀ fi ha yánna-yànna. Ti garawa tún rọrùn láti mọ̀: bí o bá fọ̀ ọ́ tán, tí o ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, tí ara rẹ̀ ṣì ń yọ̀ bí ilá, kòkòrò àìrí ti fi ibẹ̀ ṣe ilé.

Àwọn kan á ní a kì í fọ ìkòkò ọtí láfọ̀jù, pé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ ló ń jẹ́ kí ọtí tuntun tètè hó. Òótọ́ ni wọ́n sọ, ọgbọ́n gidi sì ni, nítorí inú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ni ìwúkàrà wà. Àmọ́ ẹ wo bí àwọn obìnrin tó ń pọn pito ní àríwá Gánà ṣe ń lo ọgbọ́n kan náà. Okùn híhun ni wọ́n ń rì bọ inú ọtí tó ń hó, wọn á yọ ọ́, wọn á sá a kó gbẹ, wọn á sì tún fi sínú ọtí tó kàn. Wọ́n ti ya ohun tí wọ́n fẹ́ pa mọ́ kúrò lára ohun tí wọ́n fẹ́ fọ̀. Ẹni tó bá ń pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ náà lè bu gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó dára sínú kèrègbè mímọ́, kó dé e, kó wá fi omi tó hó fọ ìkòkò rẹ̀, kó sì ṣí i sílẹ̀ fún oòrùn. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ọtí tó bàjẹ́ kò gbọdọ̀ dé inú òmíràn.

Àríyànjiyàn tó wúwo jù ni ti àwọn tó gbà pé iná àti ọtí fúnra rẹ̀ á pa ohunkóhun tó bá kó wọlé. Iná ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò, kíkan ọtí sì ń lé púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n májèlé kì í ṣe kòkòrò. Ní oṣù Kìíní 2015, ní Chitima ní ìpínlẹ̀ Tete, orílẹ̀-èdè Mòsáńbíìkì, àwọn tó lọ sìnkú mu pombe, ọtí ìbílẹ̀ tí wọ́n fi àgbàdo pọn nílé. Ènìyàn 75 ló kú, ẹni tó pọn ọtí náà sì wà lára wọn. Ariwo tó kọ́kọ́ gba ìlú ni pé ẹnìkan ló da òróòro ọ̀nì sí i. Àyẹ̀wò fi hàn lẹ́yìn náà pé bakitéríà kan, Burkholderia gladioli, ló ti pèsè májèlé tí wọ́n ń pè ní bongkrekic acid sínú rẹ̀, iná kì í sì í pa májèlé yìí. Ìyẹ̀fun tí omíyalé ti bà jẹ́ ni wọ́n fi pọn ọtí náà. Lóṣù Kẹrin ọdún kan náà, nígbà tí àwọn ènìyàn ń kú ní Òde-Ìrèlè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, àwọn kan ní òrìṣà Málokùn ló ń bínú. Mẹ́táno, irú ọtí kan tó jẹ́ májèlé, ni àyẹ̀wò rí nínú ògógóró tí wọ́n mu. Mo mọ̀ pé ògógóró yàtọ̀ sí ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, nítorí ńṣe ni wọ́n ń sè é títí oòru rẹ̀ fi di ọtí líle. Ohun tó dun ni nínú ọ̀ràn méjèèjì ni pé wọ́n ń wá ọ̀tá kiri nígbà tí ewu wà nínú ohun tí wọ́n ń mu.

Ohun tí a fi ń rọ́pò ìkòkò náà ní ewu tirẹ̀. Ní gúúsù Áfíríkà, nígbà tí dúrọ́ọ̀mù irin gba ipò ìkòkò amọ̀, kíkan ọtí bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin náà díẹ̀díẹ̀. Láti 1929 ni àwọn oníṣègùn ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin ń kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ àwọn tó ń mu ún lójoojúmọ́. Páànù tí wọ́n fi síǹkì bò lára náà kì í bá ọtí kíkan gbé láìyòrò sínú rẹ̀. Èyí tó burú jù lágbègbè oko wa ni kẹ́ẹ̀gì oògùn apakoríko. Ike ń fa oògùn mọ́ra, ọṣẹ àti omi gbígbóná kò sì lè yọ ọ́ tán. Ti ìgò kò gùn: bó bá fọ́ sínú ọtí, ẹ má sẹ́ ẹ, ẹ dà á nù.

Wọ́n á bi mí pé ta ló ní owó tí yóò máa da ọtí ọ̀sẹ̀ kan nù. Ìbéèrè gidi ni, pàápàá fún ẹni tó ń tà á jẹun. Ìdáhùn mi ni pé kó má ṣe kó gbogbo ọtí rẹ̀ sínú ohun èlò ńlá kan. Ìkòkò kékeré mẹ́ta sàn ju dúrọ́ọ̀mù kan lọ. Bí ọ̀kan bá sán, méjì ṣẹ́kù, owó rẹ̀ kò sì wọgbó. Wọ́n ṣì ń mọ ìkòkò ní Dàda ní Ìlọrin, nítorí náà kò sí ìdí tí a ó fi máa lo èyí tó ti sán. Ní ti kẹ́ẹ̀gì oògùn, mo bẹ yín, ẹ má kàn gbé e sọ sí ààtàn. Ẹ fi ọ̀bẹ lu ìdí rẹ̀ kí ẹlòmíràn má baà ṣà á lọ pọnmi.