Ìwé Tí A Ní Kò Ṣeé Yí Padà: Ọ̀rọ̀ Ethereum àti Owó Rẹ̀



Ní oṣù kejì ọdún 2021, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà pàṣẹ pé kí àwọn báńkì ti àkáǹtì àwọn tí ń ṣòwò owó kíríptò pa. Ní oṣù kejìlá ọdún 2023, ó yí ìpinnu náà padà. Láàárín ìgbà méjèèjì, ohun tí a ń jiyàn lé lórí ni pé ṣé owó ni tàbí jìbìtì. N kò ní dá sí iyàn yẹn lónìí. Ìlérí tí ó wà nídìí owó náà ni mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò, èyíinì ni pé ohun tí a bá ti kọ sínú ìwé rẹ̀, ọwọ́ ẹnikẹ́ni kò lè tó o mọ́. Ethereum ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ojú gbogbo ayé ni a ti dán ìlérí náà wò níbẹ̀.

Gbogbo wa ni a mọ alájọ. Inú ìwé rẹ̀ ni ó ń kọ iye tí olúkúlùkù dá sí. Bí alájọ bá sá lọ, tàbí tí ìwé bá jóná, ó parí. Ẹ jẹ́ kí a wá sọ pé gbogbo ẹni tí ń dájọ ni ó ní irú ìwé kan náà lọ́wọ́. Bí ẹnìkan bá sanwó, gbogbo wọn ni yóò kọ ọ́. Ojú-ìwé kọ̀ọ̀kan sì ní àmì kan tí a ṣírò láti inú èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá yí ojú-ìwé kẹwàá padà yóò ba gbogbo èyí tí ó tẹ̀ lé e jẹ́, àṣírí yóò sì tú. Ohun tí wọ́n ń pè ní blockchain nìyẹn. Kọ̀ǹpútà ni àwọn akọ̀wé rẹ̀, wọ́n sì fọ́n ká gbogbo ayé.

Owó nìkan ni Bitcoin, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2009, ń fi irú ìwé yìí kọ. Ní òpin ọdún 2013, Vitalik Buterin, ọ̀dọ́mọkùnrin tí a bí ní Rọ́ṣíà tí ó sì dàgbà ní Kánádà, dá a lábàá pé ìwé tí ó lè gba ìṣirò owó lè gba àdéhùn pẹ̀lú: bí lágbájá bá ṣe báyìí, kí a san iye báyìí fún tàmẹ̀dò. A ó kọ àdéhùn náà ní èdè kọ̀ǹpútà, yóò sì máa mú ara rẹ̀ ṣẹ láìsí lọ́yà, láìsí adájọ́. Gavin Wood, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni ó fi ìṣirò to bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe máa ṣiṣẹ́ lẹ́sẹẹsẹ ní ọdún 2014. Ní ọdún yẹn kan náà ni wọ́n fi ọjọ́ 42 ta nǹkan bí mílíọ̀nù 60 ether, owó Ethereum, kí ó tó wà rárá. Ìwé náà ṣí ní ọjọ́ 30 oṣù keje ọdún 2015. Ether yìí ni a fi ń san owó iṣẹ́ fún àwọn kọ̀ǹpútà náà. Ètò tí ó gbé gbogbo rẹ̀ ró wà ní gbangba: ẹni tí ó bá wù lè kà á, kí ó dà á kọ, kí ó sì tún un ṣe, láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Kò pé ọdún kan tí ìdánwò fi dé. Ní òpin oṣù kẹrin ọdún 2016, àwọn kan gbé àdéhùn kan kalẹ̀ tí wọ́n ń pè ní The DAO, àpò ìdókòwò tí kò ní ọ̀gá, tí àwọn tí ó dáwó yóò máa dìbò lórí bí a ó ti ná an. Ohun tí ó wọlé tó nǹkan bí mílíọ̀nù 150 dọ́là. Ṣùgbọ́n àdéhùn náà ní àbùkù kan. Bí ènìyàn bá ní kí wọ́n dá owó òun padà, yóò kọ́kọ́ sanwó kí ó tó yọ ọ́ kúrò nínú àkọsílẹ̀. Ẹ wo alájọ tí ó ka owó fún oníbàárà kí ó tó mú kálàmù. Bí oníbàárà bá tún nawọ́ kí kálàmù tó kan ìwé, alájọ yóò wo ìwé, yóò rí i pé owó ṣì wà níbẹ̀, yóò sì tún san. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹnìkan ṣe nawọ́ léraléra ní ọjọ́ 17 oṣù kẹfà, tí ó fi fa nǹkan bí mílíọ̀nù 3.6 ether.

Kò sì lè ná an. Àdéhùn kan náà ti là á sílẹ̀ pé owó tí a bá yọ lọ́nà bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ dúró fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, inú ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yìí sì ni ìjà ti bẹ́ sílẹ̀. Àwọn kan ní olè ni, kí a dá owó olówó padà. Àwọn mìíràn ní kò sí olè níbẹ̀: àdéhùn ni òfin, ohun tí àdéhùn gbà láàyè ni ẹni náà ṣe, bí a bá sì ti ọwọ́ bọ ìwé nítorí ọ̀rẹ́ lónìí, kí ni a ó wí lọ́la bí ìjọba kan bá ní kí a ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nítorí ọ̀tá? Wọ́n ṣe ìbò kan tí ó jẹ́ pé iye ether tí ènìyàn ní ni ìwọ̀n ohùn rẹ̀. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìbò náà fara mọ́ dídá owó padà, ṣùgbọ́n ether tí kò dìbò ni ó pọ̀ jù lọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù keje, nígbà tí ìwé dé ojú-ìwé 1,920,000, wọ́n kọ ìlà kan tí òfin ìwé kò gbà tẹ́lẹ̀. Wọn kò ha èyí tí ó ti wà níbẹ̀ rẹ́ o. Wọ́n kàn gbé owó náà bọ́ sínú àdéhùn mìíràn tí olúkúlùkù ti lè gba tirẹ̀.

Àwọn tí kò gbà kò lọ sí kóòtù. Ètò ṣáà wà ní gbangba. Wọ́n mú ìwé àtijọ́, wọ́n ń kọ ọ́ lọ, wọ́n sọ ọ́ ní Ethereum Classic, ó sì wà títí di òní. Ẹni tí ó ní ether mẹ́wàá lọ́wọ́ ara rẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé wá ní mẹ́wàá nínú ìwé kan, mẹ́wàá nínú èkejì.

Ní tèmi, n kò bá àwọn tí ó dá owó padà wí. Ohun tí mo kọ̀ ni kí a tún máa sọ fún ọ̀dọ́ tí ń kó owó iṣẹ́ rẹ̀ síbẹ̀ pé ìṣirò ni ó ń ṣọ́ ọ, kì í ṣe ènìyàn. Ìfohùnṣọ̀kan ènìyàn ni, àwọn tí ó mọ ètò í kọ àti àwọn tí ó ní púpọ̀ ni ohùn wọn sì ń ròkè jù. Irú ìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi pààrọ̀ àwọn tí ń ṣọ́ ìwé náà ní ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 2022. Ẹni tí ó bá fi ether 32 dógò ni ó ń ṣe é láti ìgbà náà, dípò àwọn tí ń fi ẹ̀rọ jẹ iná mànàmáná. Iná tí ó ń gbà sì fi ohun tí ó ju 99 nínú ọgọ́rùn-ún lọ dín kù.

Kì í sì í ṣe gbogbo ẹni tí ó bá ké ni a ń dá lóhùn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2017, ẹnìkan pa àdéhùn kan run, ether tí ó lé ní 500,000 sì há sínú àwọn àpò tí ó gbára lé e. Ilé-iṣẹ́ Parity ni ó ṣe àdéhùn náà, Gavin Wood tí a dárúkọ lẹ́ẹ̀kan sì wà lára àwọn tí ó dá ilé-iṣẹ́ ọ̀hún sílẹ̀. Wọ́n dá a lábàá ní ọdún 2018 pé kí a tú owó náà sílẹ̀. Àwọn ènìyàn kò gbà. Owó náà ṣì wà nínú ìwé, gbogbo ayé ń rí i, kò sí ẹni tí ó lè ná an.