Yíyọ irin kúrò lẹ́nu ẹṣin tó ti dàgbà: ohun tí Dáńfó kọ́ mi

Bí ẹ bá ń kà á lórí fóònù nínú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ọ̀ṣọ́dì, ẹ kú ìrọ́jú. Inú ṣọ́ọ̀bù wa ní Ìsọlọ̀ Industrial Estate ni mo ti ń gba ohùn yìí sílẹ̀, lẹ́yìn tí a pa àwọn ẹ̀rọ ìránṣọ tán. Bí ẹ bá gbọ́ tírélà lẹ́yìn ohùn mi, ẹ má bínú.

Iṣẹ́ wa níbí ni ká máa rán okùn báàgì àti bẹ́líìtì tí wọ́n fi ń di ẹrù mọ́ ọkọ̀. Kò sí ẹṣin nínú ẹ̀. Àmọ́ ẹṣin wà ní ìdílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ sì mọ ohun tí ọjọ́ kẹta Iléyá jẹ́ níbẹ̀. Lọ́dún 2024, nígbà tí fọ́tò Farooq Oreagba lórí ẹṣin ní Ojúde Ọba kún gbogbo fóònù, ọ̀pọ̀ nínú yín ló bi mí bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin. Kò sẹ́ni tó bi mí léèrè ohun tó máa ń wà lẹ́nu ẹṣin.

Dáńfó là ń pe ẹṣin tiwa, torí pé bó bá ti gbéra, kò sí bírékì. Ọmọ ọdún méjìlá ni, ó sì ti lọ sí Ojúde Ọba lẹ́ẹ̀mẹfà. Lọ́dún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da koríko nù lẹ́nu. Bàbá tó ń tọ́jú rẹ̀ pè mí: "Ọmọ mi, wá wo ẹnu ẹṣin yìí." Ahọ́n rẹ̀ ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹran ìdí eyín rẹ̀ sì ti wú. Irin tí àwa fi ń dá a dúró ló ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ra irin tó le ju ìyẹn lọ kó má baà gbé èèyàn wọ àárín èrò. Ẹ má dá a lẹ́bi. Ìlù ń dún, ìbọn ń dún, ọmọdé ń sá kiri: bí ẹṣin bá já níbẹ̀, ẹnì kan lè kú. Èmi ní ká yọ irin kúrò pátápátá. A fẹ́rẹ̀ẹ́ má bá ara wa sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ibi tí mo dúró sí. Láàárín eyín iwájú ẹṣin àti eyín ẹ̀yìn rẹ̀, àyè kan wà tí kò léyín. Ibẹ̀ ni irin ń sùn sí, lórí ahọ́n àti lórí eegun tí ẹran fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò. Bí ẹ bá fa okùn, irin á tẹ̀ ẹ́. Irin àtijọ́ tiwa níhà ibí tún le: àwọn Haúsá ń pè é ní linzami, òmíràn sì ní òrùka tó yí párì ìsàlẹ̀ po. Òkè ọ̀hún náà ni Ọ̀yọ́ ilé ti ń ra ẹṣin, torí eṣinṣin tsetse kì í jẹ́ kí ẹṣin pẹ́ láyé nínú igbó. Jagunjagun tó di ọ̀kọ̀ mú lọ́wọ́ kan fẹ́ irin tí ọwọ́ kejì lè fi pàṣẹ kíákíá. Àwa kò lọ sógun mọ́.

Yorùbá ń pe bírékì ọkọ̀ ní ìjánu, mo sì rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ ti dàrú mọ́ wa lójú. Ìjánu ọkọ̀ ń di táyà mú. Irin ẹnu ẹṣin kò di ẹsẹ̀ kankan mú. Ọ̀rọ̀ ló ń bá ẹṣin sọ, ẹṣin fúnra rẹ̀ ló ń dúró. Ìrora sì ni ẹranko yìí máa ń sá fún. Ìdí nìyẹn tí irin tó le fi lè mú kí òmíràn sáré sí i.

Gígun ẹṣin láìsí irin kì í ṣe àrà tuntun. Àwọn ará Numidia ní Àríwá Áfíríkà ń ṣe é lójú ogun ní ohun tó lé ní 2,000 ọdún sẹ́yìn. Àwọn darandaran Mẹ́síkò àti California ń lo ọ̀já imú tí wọ́n ń pè ní bosal. Ní Amẹ́ríkà, dókítà ẹranko kan, Robert Cook ti Yunifásítì Tufts, ló sọ irú tí okùn rẹ̀ ń gba abẹ́ àgbọ̀n kọjá di ohun tí ọ̀pọ̀ mọ̀. Nínú ìdíje àgbáyé ti FEI, wọ́n gba ẹṣin aláìnírin láyè nínú fífo igi, wọn kò gbà á nínú dressage.

Ó yá, báwo la ṣe ń ṣe é?

Èkíní, ẹ pe dókítà ẹranko. Kó wo eyín rẹ̀, kó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lábẹ́ gàárì. Ẹṣin tí ẹ̀yìn ń dùn yóò ṣì máa sá bí ẹ bá yọ irin. A kò gun Dáńfó títí ẹnu rẹ̀ fi jinná.

Èkejì, ọ̀já imú. Mo wọn orí rẹ̀, mo sì fi bẹ́líìtì ṣọ́ọ̀bù yìí rán ọ̀kan tí mo fi awọ rírọ̀ sí nínú. Ti àkọ́kọ́ bó o lára, ẹ̀bi mi ni: mo so ó sísàlẹ̀ jù. Ẹ fọwọ́ wá eegun tó yọ gbọọrọ lábẹ́ ojú rẹ̀. Kí ọ̀já wà ní nǹkan bí ìka méjì sísàlẹ̀ rẹ̀. Níwájú síwájú, eegun imú ti tín-ín-rín, imú nìkan sì ni ẹṣin fi ń mí. Kí ìka méjì tún lè wọ abẹ́ ọ̀já náà.

Ẹ̀kẹta, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn ná. Ẹ fa okùn díẹ̀. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ẹ dẹwọ́ lójú ẹsẹ̀. Dídẹwọ́ yẹn ni owó oṣù rẹ̀. Ẹ kọ́ ọ láti dúró, láti padà sẹ́yìn, láti yà sọ́tùn-ún àti sósì.

Ẹ̀kẹrin, ẹ kọ́ ọ ní ìdúró pàjáwìrì kẹ́ ẹ tó gùn ún. Ẹ fa okùn ẹ̀gbẹ́ kan kí ọrùn rẹ̀ yí wá, kó máa yí po títí yóò fi dúró. Orí ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ni kẹ́ ẹ ti kọ́ ọ. Bí ẹ bá ṣe é lójijì lórí eré, ẹ̀yin àti ẹṣin lẹ jọ máa ṣubú.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ gùn ún nínú ọgbà tó ní odi. Bí ẹnu rẹ̀ kò bá ní egbò, ẹ lè so okùn méjì, ọ̀kan sí irin, ọ̀kan sí ọ̀já imú, kẹ́ ẹ máa lo ti irin dín kù títí ẹ ó fi yọ ọ́. Lẹ́yìn náà lẹ máa jáde, lẹ́yìn náà ni eré, ariwo ló kẹ́yìn.

Ẹṣin àgbà kì í pẹ́ mọ̀ ọ́n. Ó ti mọ ohùn yín, ó mọ ìgbà tí ìdí yín yí lórí gàárì. Ibi tí àṣẹ ti ń wá nìkan ló yí padà. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó wúwo lórí irin yóò wúwo lórí imú náà. Àwọn ọ̀já kan tó ní irin gígùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ lè fún imú pa. Ọwọ́ ẹni tó ń gùn ún ni iṣẹ́ tó pọ̀ jù.

Dáńfó kò lọ sí Ojúde Ọba tó kọjá. A fi í sílẹ̀ nílé, ó ń jẹ koríko, kò sì da nǹkan kan nù. Lóṣù tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi gùn ún fún ìgbà àkọ́kọ́ láìsí irin. Ó ki okùn mọ́lẹ̀ bí ẹni tí ń fa ọkọ̀ tó rì. Dáńfó ń mi orí, kò lọ, kò bọ̀. Mo ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dẹwọ́." Ó wò mí, ó sì dẹwọ́. Ẹṣin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rìn.

Ṣé a máa gbé e lọ sí àárín ìlù àti ìbọn bẹ́ẹ̀? Kò tíì tó àkókò. A ṣì ń lu páànù fún un láti òkèèrè, a sì ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀. Èmi fẹ́ kó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ló sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀.

Ẹ fi ìbéèrè yín ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Ó dìgbà kan ná.