Ọkọ̀ yín ń kú bí ooru bá mú? Ẹ má tíì ra páǹpù epo

Láti Darkuman nílùú Accra, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Abossey Okai kò jìnnà. Bí ọkọ̀ àtijọ́ bá ń kú lójú ọ̀nà, páǹpù epo tuntun ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ máa ń sáré lọ rà.

Àmọ́ ọkọ̀ tó kú lọ́sàn-án gangan, tó tún sítáàtì lẹ́yìn tó tutù, lè má nílò páǹpù rárá.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá kọ̀ láti ṣiṣẹ́ gan-an ló yẹ kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yí kọ́kọ́rọ́ láì tíì sítáàtì: nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀, páǹpù á kùn nínú tánkì fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 2. Bí kò bá dún, kí rewaya fi mítà wo wáyà rẹ̀ bí ẹlòmíràn ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Bí iná fóòtì 12 bá dé ibẹ̀, tí wáyà ẹ́ẹ̀tì sì dára, páǹpù ló bàjẹ́. Bí iná kò bá dé, ẹ wo fíúsì, rílée àti ojú ìsopọ̀ wáyà.

Nínú ọ̀pọ̀ Honda ọdún 1990 sí 1999, lẹ́ẹ̀dì inú rílée ló máa ń là: ooru á yà á, ìtutù á so ó padà. Àtúnjó lẹ́ẹ̀dì náà kò tó owó páǹpù.