Iná Ẹ̀yìn Ojú Kọ̀ǹpútà Kékeré àti Àmì Ohùn Yorùbá

Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, a rí olùkọ́ Yorùbá kan tí ó ń fi kọ̀ǹpútà kékeré, èyí tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kọ́ àwọn ọmọ ní àmì ohùn. Ó so ojú LCD kékeré kan mọ́ ọn lórí, páwà báǹkì ni ó sì fi ń gbé e ṣiṣẹ́, nítorí pé iná ìjọba kì í ṣe ohun tí a lè gbójú lé. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, á ní kí kọ̀ǹpútà náà sọ ojú rẹ̀ di dúdú, á ní òun ti pa á. Síbẹ̀, bátìrì kì í bá a dé ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ó tún dín ìmọ́lẹ̀ kù gidigidi kí bátìrì lè pẹ́, àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọkọ́ àti ọkọ̀ bákan náà. Ohun méjèèjì yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé nínú àpilẹ̀kọ yìí: ibi tí iná bátìrì ń gbà lọ, àti ìdí tí olùkọ́ Yorùbá kò fi lè dín ìmọ́lẹ̀ kù tó bí olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì ṣe lè dín in kù.

Àṣìṣe olùkọ́ yìí ní orírun. Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní 31 oṣù Kẹwàá, ọdún 1959, ojú gíláàsì tẹlifíṣọ̀n ayé ìgbà náà ni ó ń tan ìmọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀. Ibi tí àwòrán bá ti dúdú, kò sí ohun tí ó ń tàn níbẹ̀. Èyí ni ó mọ́ wa lára tí a fi ń rò pé ohun tí ó bá ti dúdú ti kú. Ṣùgbọ́n ojú LCD kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Òun fúnra rẹ̀ kò ní ìmọ́lẹ̀ kankan.

Ní ọdún 1888, Friedrich Reinitzer, onímọ̀ ewéko ọmọ Austria, ṣàkíyèsí èròjà kan tí ó ń yọ́ lẹ́ẹ̀mejì: bí a bá kọ́kọ́ mú un gbóná, ó ń ṣàn bí omi ṣùgbọ́n ó ń rí bàìbàì, bí ooru bá tún pọ̀ sí i, ó wá mọ́ gaara. Otto Lehmann ní Jámánì ni ó wádìí ọ̀rọ̀ náà síwájú, tí ó rí i pé èròjà náà ń ṣàn bí omi, síbẹ̀ ó tò létòlétò bí ìyọ̀ tàbí kírísítà. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni ó wà nínú ojú LCD, láàárín gíláàsì méjì, tí asẹ́ ìmọ́lẹ̀ kan wà níwájú, tí òmíràn sì wà lẹ́yìn. A to asẹ́ méjèèjì lọ́nà tí ìmọ́lẹ̀ tí ó bá gba ti ẹ̀yìn kọjá kò fi ní lè gba ti iwájú, àfi bí èròjà àárín bá yí i. Bí a bá fi iná díẹ̀ kan èròjà náà, ìtò rẹ̀ á yí padà, ihò ibẹ̀ á ṣú. Bí a bá mú iná kúrò, ihò á là. Iná tí iṣẹ́ yìí ń gbà kéré púpọ̀.

Ta ni ó wá ń tan ìmọ́lẹ̀? Gílóòbù kéékèèké tí a ń pè ní LED ni, tí wọ́n wà lẹ́yìn tàbí ní ẹ̀gbẹ́ ojú náà. Àwọn ni a pè ní iná ẹ̀yìn níhìn-ín. Ẹ fojú inú wo fìtílà tí a gbé sẹ́yìn kọ́tìnnì. Bí a bá fa kọ́tìnnì bo fìtílà, yàrá á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n epo inú fìtílà kò yéé jó. Ohun tí olùkọ́ wa ń ṣe nìyẹn: kọ́tìnnì ni ó ń fà, kò pa fìtílà. (Àwọn fóònù kan wà lónìí tí ojú wọn jẹ́ OLED, ti àwọn yẹn dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, dúdú wọn kò jẹ iná.)

Ẹni tí ó bá ń ṣiyèméjì, kí ó wo ẹ̀rọ ìṣirò tí àwọn ìyá ọlọ́jà ń lò ní Ọjà'ba. Ojú LCD ni tirẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò ní iná ẹ̀yìn. Ìmọ́lẹ̀ ojú ọjọ́ ni ó ń wọlé, tí ó ń kan ìsàlẹ̀, tí ó sì ń padà sí ojú wa. Ìdí nìyí tí bátìrì kékeré kan fi lè lo ọdún púpọ̀ nínú rẹ̀. Ìdí nìyí pẹ̀lú tí kò fi ṣe é kà lóru.

Àwa olùkọ́ èdè ní ẹjọ́ tiwa níhìn-ín. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1984 ṣe wá lóore lórí ìmọ̀ èdè, lítíréṣọ̀ àti ìlànà ìkọ́ni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ báyìí kò sí lára iṣẹ́ tí a rán an. Nítorí náà, "ó ti kú" ni a ń sọ bí bátìrì bá tán, òun náà ni a ń sọ bí iná ẹ̀yìn nìkan bá jó, òun náà sì ni bí ojú bá ṣú lásán. Owó ń bá àìyàtọ̀ yìí lọ. A mọ ẹnìkan tí wọ́n sọ fún pé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti kú pátápátá, kí ó lọ ra òmíràn. A tan tọ́ọ̀ṣì sí ojú rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́, lẹ́tà sì hàn fírífírí. Iná ẹ̀yìn nìkan ni ó kú. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a máa sọ pé ojú ṣú bí àwòrán bá dúdú, kí a sọ pé iná ẹ̀yìn kú bí tọ́ọ̀ṣì bá fi lẹ́tà hàn, kí a sì fi "ó kú" sílẹ̀ fún ẹ̀rọ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ rárá.

Báwo ni a ṣe ń pa fìtílà náà gan-an? Lórí àwọn kọ̀ǹpútà kékeré bíi Raspberry Pi, tí ó jáde ní ọdún 2012, ètò Linux ni ó sábà ń darí wọn. Bí ojú náà bá jẹ́ irú èyí tí kọ̀ǹpútà lè pàṣẹ fún, a ó rí àpò kan lábẹ́ /sys/class/backlight. Fáìlì tí ó ń jẹ́ brightness wà níbẹ̀. Nọ́ńbà tí a bá kọ sínú rẹ̀ ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀, max_brightness sì ń sọ ibi tí ó lè ga dé. Èkejì ni bl_power: 0 ń tan iná ẹ̀yìn, 4 ń pa á. Ẹni tí ó ní àṣẹ alábòójútó nìkan ni ó lè kọ nǹkan sínú wọn. Àwọn ojú olówó pọ́ọ́kú kan wà tí wọ́n so iná ẹ̀yìn wọn mọ́ orísun iná tààrà; kò sí àṣẹ tí kọ̀ǹpútà lè pa fún irú wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ darí wọn gbọ́dọ̀ fi transistor sí àárín. Kí ó má ṣe so iná ẹ̀yìn mọ́ pínnì kọ̀ǹpútà lásán, nítorí pínnì kò lè gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀, ó lè ba kọ̀ǹpútà jẹ́.

Bí a bá dín ìmọ́lẹ̀ kù, ohun tí ó sábà ń ṣẹlẹ̀ ni pé iná ẹ̀yìn á máa tàn, á máa kú, lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, tí ojú wa kò fi lè mọ̀. Bí ó bá ń kú fún ìdajì àkókò, ìdajì iná ni ó ń jẹ. Ṣùgbọ́n ojú ènìyàn kì í ka èyí sí ìdajì ìmọ́lẹ̀. Yóò dà bí ẹni pé díẹ̀ ni ó fi dín kù. Èrè ńlá ni èyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀: páwà báǹkì 10,000 mAh ní nǹkan bíi wáàtì-wákàtí 37 nínú, ká ní 30 ni ó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ. Bí kọ̀ǹpútà bá ń jẹ wáàtì 3, tí iná ẹ̀yìn ń jẹ 2, wákàtí 6 ni yóò lò. Bí a bá dín iná ẹ̀yìn sí ìdajì, yóò di wákàtí 7 àbọ̀. Bí a bá pa á pátápátá nígbà tí àwọn ọmọ ń kọ̀wé, gbogbo wákàtí bẹ́ẹ̀ ń ná wa ní wáàtì-wákàtí 3 dípò 5. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ orí epo ti kúrò ní oṣù Karùn-ún, ọdún 2023, tí jẹnẹrétọ̀ ti di ohun tí à ń ronú kí a tó tàn, ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré fún olùkọ́.

Ṣùgbọ́n dé ibo ni a lè dín in kù dé? Nínú kíláàsì tí oòrùn ń wọ̀ láti ojú fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ òde ń bo ti ẹ̀rọ mọ́lẹ̀, ohun tí ó sì kéré jù ni ó ń kọ́kọ́ pòórá. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, àmì orí i nìkan ni yóò lọ, kò sì sí ẹni tí yóò ṣì í kà. Nínú Yorùbá, bí àmì bá lọ, ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ di ọ̀rọ̀ kan náà. Bí àmì abẹ́ bá lọ, ó burú jù bẹ́ẹ̀. Ìlànà tí a dábàá fún olùkọ́ wa ni pé kí ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí sójú ẹ̀rọ, kí ó dúró níbi tí ọmọ tí ó jìnnà jù jókòó sí, kí ó sì máa dín ìmọ́lẹ̀ kù títí àmì kan yóò fi ṣòro láti rí. Kí ó wá gbé e sókè díẹ̀. Ibẹ̀ ni òdiwọ̀n rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tún le sí i fún àwọn tí ó ń lo ojú tí ó kéré jù, èyí tí ó ní ìlà méjì, tí lẹ́tà 16 wà lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. Ihò márùn-ún ní ìbú àti mẹ́jọ ní òró ni lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní. Bí a bá fẹ́ ya ẹ́ síbẹ̀, ara lẹ́tà á gba ìlà márùn-ún, méjì á kù lókè fún àmì ohùn, ẹyọ kan á kù nísàlẹ̀. Àmì abẹ́ á sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ lẹ́tà. Ẹ̀rọ HD44780 tí ó ń darí irú ojú bẹ́ẹ̀ kò sì gbà ju lẹ́tà mẹ́jọ tí a fọwọ́ ara wa yà lọ lẹ́ẹ̀kan, bẹ́ẹ̀ lẹ́tà kékeré Yorùbá tí ó ní àmì ju 15 lọ. Ọ̀nà àbáyọ ni kí a máa pààrọ̀ mẹ́jọ náà bí ọ̀rọ̀ tí ó wà lójú bá ṣe ń yí padà. Ṣùgbọ́n irú ojú yìí ṣeé fi pamọ́ bátìrì dáadáa: àwòrán inú rẹ̀ kò ju mílíámpíà kan tàbí méjì lọ, nígbà tí iná ẹ̀yìn rẹ̀ lè jẹ ogún tàbí jù bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ Òkè-Àdó náà ti fi bọ́tìnnì kan sí ara ẹ̀rọ rẹ̀ báyìí. Ọmọ tí ó bá fẹ́ kàwé á tẹ̀ ẹ́, iná ẹ̀yìn á tàn fún ìṣẹ́jú kan, á sì kú fúnra rẹ̀. Àwọn ọmọ ti ń jà lórí ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnnì.